Kí Ẹgbẹ́ Tó Ra Máíkì

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé inú ọgbà níhìn-ín ní Gwagwalada, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ti Kubwa, Lugbe àti Nyanya wọkọ̀ wá sí kíláàsì,  ọ̀rọ̀ kan ló wà nílẹ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ, a kò sì ní déènà pẹnu.

Ní ìpàdé gbogboogbò tó kọjá, àwọn kan nínú wa dábàá pé kí ẹgbẹ́ fi owó tó wà nínú àpò ra máíkì ńlá kan, irú èyí tí wọ́n ń lò ní sítúdíò. Wọ́n ní iṣẹ́ ohùn ti di iṣẹ́ owó. Wọ́n ní ẹni tó bá lè ka ìkéde, tó lè fi ohùn ṣeré, tó lè ka ìwé ìtàn sínú ẹ̀rọ, kò ní máa retí owó láti ilé mọ́ kó tó jẹun. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Àwa tí à ń kọ ọ̀rọ̀ yìí dìde, a ní àwa kò fara mọ́ ọn. Wọ́n hó lé wa lórí bí ẹni tó jí ẹran nínú ọbẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló gbà wá sílẹ̀. Ó ní bí a bá ní ohun tí a fẹ́ wí, kí a lọ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ kí ìpàdé mìíràn tó pé. A ti wá kọ ọ́ báyìí.

A kò sọ pé iṣẹ́ kò sí. Iṣẹ́ ń bẹ, ìlú tí a sì wà yìí gan-an ni orísun púpọ̀ nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 tí ìjọba àpapọ̀ ti kó kúrò ní Èkó wá síbí ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti ń tẹ̀lé e wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Olú ilé-iṣẹ́ Radio Nigeria wà ní Garki, ti NTA wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Voice of Nigeria, tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1961 láti máa bá àwọn ará òkè òkun sọ̀rọ̀, ní Yorùbá lára àwọn èdè tó fi ń gbé ọ̀rọ̀ jáde. INEC tó ń ṣètò ìdìbò, NAFDAC tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, NCDC tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, gbogbo wọn ló fi Àbújá ṣe ibùjókòó. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní ohun tó fẹ́ sọ fún gbogbo ìlú, Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò tó. Wọn á wá ẹni tí yóò sọ ọ́ ní Hausa, ní Ígbò, ní Yorùbá, ní Píjìn.

Ṣùgbọ́n Àbújá kì í ṣe Ìbàdàn. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni, Hausa sì ni ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ fi ń pe èrò. Àwa Yorùbá pọ̀ níbí, ṣùgbọ́n èdè wa kì í ṣe èdè ìgboro. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá ohùn Yorùbá kánkán ní Wuse tàbí ní Garki, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ni yóò mú. Bí orúkọ rẹ bá ti ní Adé tàbí Ọlá nínú, tí o sì lè kí ènìyàn pé ẹ káàárọ̀, ó parí. Ẹni tó ni iṣẹ́ kò gbọ́ Yorùbá. Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ kò gbọ́. Ẹni tó ń kà á nìkan ló gbọ́, òun náà sì lè má gbọ́ ọ délẹ̀.

A ti gbọ́ ìpolówó ìpara kan rí tí a kò ní dárúkọ. Ìdí oúnjẹ la wà lọ́jọ́ náà, lọ́dọ̀ ìyá oníbúkà. Obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ dùn bí oyin ní ìpara náà yóò fún wa ní ẹ̀wà tí kì í ṣá. Ẹwà ló fẹ́ sọ. Ọ̀kan nínú wa na àwo rẹ̀ sí rédíò, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ bu díẹ̀ sí i. A rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wa.

Ẹ̀rín náà dópin nígbà tí ó kan ọ̀kan nínú wa. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni, obìnrin ni, ó sì gbọ́ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ wa lọ. Ilé-iṣẹ́ kan ní ìgboro pè é pé kó wá ka ìkéde nípa ibà ọmọdé. Nígbà tó dé ọ̀hún, wọ́n gbé ìwé lé e lọ́wọ́ tí kò sí àmì kankan lórí rẹ̀, lókè kò sí, lábẹ́ kò sí. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ báyìí pé: "Ti oogun ba po lara omo, e tete gbe e lo si ile iwosan." Àsìkò ń lọ, NEPA lè mú iná lọ nígbàkigbà, wọ́n ní kó yáa kà á. Ó kà á pé bí oògùn bá pọ̀ lára ọmọ. Òógùn ni ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn, ìyẹn ni pé bí ọmọ bá ń làágùn jù.

Ẹ wo bí èyí ti burú ju ti ìpara lọ. Kì í ṣe irú àṣìṣe tí ń pa ni lẹ́rìn-ín, nítorí pé ó ní ìtumọ̀. Abiyamọ tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé wọ́n ní kí òun ṣọ́ra fún oògùn ni. Ìyá ọmọ ẹgbẹ́ wa yìí gan-an gbọ́ ọ láti ilé, ó sì tẹ̀ ẹ́ láago, ó ní, "Ọmọ mi, oògùn ibà tí mo fún àbúrò rẹ lánàá ńkọ́, àbí ó ti pọ̀ jù ni?" Ọmọ náà kò rí oorun sùn mọ́jú. Ó padà lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun tún un kà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní owó sítúdíò ti tán, pé ta ni yóò tilẹ̀ mọ̀. Ìkéde náà ń lọ bẹ́ẹ̀ títí àsìkò rẹ̀ fi pé.

Máíkì tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ní owó rẹ̀ tó ra ọ̀kadà. Ó gba àṣìṣe náà sílẹ̀ ketekete.

Ìdí nìyí tí a fi ní pẹ́ńsùlù ló ṣáájú máíkì. Pẹ́ńsùlù la wí, kì í ṣe báírò, nítorí pé ọ̀rọ̀ máa ń yí padà nínú sítúdíò: ọ̀gá á ní kí ẹ yọ èyí, kí ẹ fi tọ̀hún sí i, ìwé tí ẹ ti fi báírò ha jákèjádò kò sì ní ṣe é kà mọ́. Kí ẹ tó la ẹnu, ẹ jókòó ti ìwé náà, ẹ fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá lè ní ojú méjì. Ọkọ wà, ọkọ̀ wà, ọkọ́ wà, ọ̀kọ̀ tí àwọn jagunjagun ń jù wà. Igba yàtọ̀ sí igbá, igbá yàtọ̀ sí ìgbà, igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ tún yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Ẹni tó bá ń ka ìwé fúnra rẹ̀ lè padà sẹ́yìn bí kò bá yé e. Ẹni tó ń gbọ́ rédíò kò rí ibi padà sí. Àwọn àgbà kò purọ́ nígbà tí wọ́n pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì.

Láti ọjọ́ oògùn àti òógùn yẹn, ọmọ ẹgbẹ́ wa ti yí ìṣe rẹ̀ padà. Kì í wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti ka ìwé náà sókè lẹ́ẹ̀mẹta níta: lẹ́ẹ̀kan fún ìtumọ̀, lẹ́ẹ̀kan fún ohùn, lẹ́ẹ̀kan fún èémí. Ó ń fa ilà kan síbi tí yóò ti mí, ilà méjì síbi tí yóò ti dúró. Ẹ ò rí i pé gbólóhùn tí wọ́n tú láti inú Gẹ̀ẹ́sì máa ń gùn bí ọ̀nà Lokoja. Bí ènìyàn kò bá ti mọ ibi tí yóò ti mí, èémí rẹ̀ á tán sójú ọ̀nà. Ó ń gbé ìwé atúmọ̀ èdè dání pẹ̀lú. Èyí tí CMS kọ́kọ́ tẹ̀ ní Èkó ní 1913 ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ti Abraham tó jáde ní 1958 sì jinlẹ̀ jù ú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wúwo bí búlọ́ọ̀kù. Ó tún wá kọ́ láti béèrè. Lọ́jọ́ yẹn, ó fura sí ọ̀rọ̀ náà, ojú ló tì í láti sọ pé kò yé òun. Ojú kì í tì í mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé ta ló tún ń fi àmì sórí Yorùbá láyé òde-òní. Láti 1843 tí Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, títí kan ìpàdé tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ ní Èkó ní 1875, títí dé àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, bí a ó ti kọ èdè yìí tí yóò ṣe é kà láìṣì í kà ni wọ́n ń bá kiri. Àwa ọmọ wọn wá mú fóònù tó lè tẹ gbogbo àmì dání, a fi ń kọ "se daadaa ni" ránṣẹ́ sí ara wa. Kí a tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí àmì rẹ̀ yọ, ó ti di ẹrù. Ẹni tí kò bá fi àmì kọ̀wé láti Mọ́ńdè dé Sátidé, kì í dédé rí i fi kà lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

Ibi tí a tún ti ń kọsẹ̀ ni òǹkà. Ìwé á ní ₦45,000, á ní 1993, á ní 6232. A ó máa sọ Yorùbá bọ̀ dáadáa, bí a bá ti kan ibẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì á bẹ́ jáde. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kí ẹ tó wọlé. Ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta náírà ni ti owó yẹn. Àwọn àgbà lè pè é ní ẹgbàá méjìlélógún ó lé ẹgbẹ̀rún, ó sì dùn létí, ṣùgbọ́n ọlọ́jà òde-òní kò ní mọ iye tí ẹ ní kó mú wá. Ìtàn ni a fẹ́ràn ẹgbàá fún: ọdún 1993 jẹ́ ẹgbàá ó dín méje, ẹnu kò sì kọ́ ọ. Ti 6232 yàtọ̀ pátápátá. Nọ́ńbà tí a fi ń pe NCDC ni. Ẹni tó bá kà á ní ẹgbàáta ó lé igba ó lé méjìlélọ́gbọ̀n ti ṣe bẹbẹ lójú olùkọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n aláìsàn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kò ní mọ ibi tí yóò fi ìka sí. Ẹẹ́fà, eéjì, ẹẹ́ta, eéjì. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tún un kà.

Ohun mìíràn tí máíkì kò lè bá wa ṣe ni bí a ó ti fi ohùn ṣeré. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń wo fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí. Wọ́n á ní bí inú rẹ bá dùn, gbé ohùn sókè níparí gbólóhùn. Bí inú rẹ bá bàjẹ́, mú un wálẹ̀. Ó dára fún Gẹ̀ẹ́sì. Ní Yorùbá, ohùn tí a bá gbé sókè níbi tí kò yẹ ti di ọ̀rọ̀ mìíràn. Opó tó ń sunkún ọkọ rẹ̀, bí ìbànújẹ́ bá mú un gbé ohùn kejì sókè, á wá dà bí ẹni tí wọ́n jí ọkọ́ rẹ̀ lóko.

Kí wá ni òṣèré Yorùbá ó ṣe? Ẹ lọ tẹ́tí sí Gbénga Adébóyè, ẹni tó kú ní 2003. Òun nìkan ni, ṣùgbọ́n lórí rédíò Èkó àti nínú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, Fúnwọntán á máa sọ̀rọ̀, Láìsì á máa dá a lóhùn, kò sì sí ẹni tí yóò ṣi ọ̀kan pè ní èkejì. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tó ń yí padà àti ohun tí kì í yí padà. Ó lè mú ọ̀rọ̀ yára, ó lè fà á. Ó lè ti imú sọ ọ́, ó lè ti ìsàlẹ̀ àyà gbé e wá. Ó lè bọ́ sínú ẹ̀ka èdè mìíràn. Bó bá sì fẹ́ gbé ohùn sókè, gbogbo rẹ̀ ló ń gbé pọ̀, ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀, bí ẹni gbé àkàsọ̀ kúrò nílẹ̀ láìyọ ìgbésẹ̀ kan nínú rẹ̀. Adébáyọ̀ Fálétí náà, tó ti ṣiṣẹ́ ní WNTV Ìbàdàn kó tó di ẹni tí gbogbo ìlú ń wò nínú Ṣaworoidẹ ní 1999, ẹ gbọ́ bó ti ń sinmi lórí ọ̀rọ̀ kan kó tó bọ́ sórí èkejì. Fálétí kú ní 2017, fíìmù rẹ̀ kò kú. Àwọn baba wa sì ti ń ṣe irú èyí kí rédíò tó dé rárá. Egúngún tó bá wọ aṣọ tán, ohùn ará ọ̀run ló fi ń sọ̀rọ̀, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í délé sọ pé òun kò gbọ́ ohun tó wí.

Nítorí náà, àṣà tí a fẹ́ kí a dá sílẹ̀ ni títẹ́tí. Kí á gba ohùn ara wa sílẹ̀ lórí fóònù, kí ẹni tí kò rí ìwé náà gbọ́ ọ, kó sọ ohun tó gbọ́ fún wa. Bí ohun tó gbọ́ bá yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé, kí a tún un kà. Kò gba kọ́bọ̀.

Ní ti ìtọ́jú ara, a kò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwa tí a ti jókòó ní kíláàsì fonẹ́tíìkì mọ tán-án-ná, iṣan méjì inú ọ̀fun tó ń gbọ̀n nígbà tí a bá ń fọhùn. Ti ọkùnrin ń gbọ̀n tó bí ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti obìnrin tó bí 200. Ohun tó ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ gbígbẹ. Ṣùgbọ́n omi tí a mu lẹ́nu ọ̀nà sítúdíò kì í dé ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Inú ló ń gbà lọ, ara ni yóò sì pín in. Ẹni tó bá fẹ́ kàwé lọ́la, òní ni kó ti máa mu omi. Nígbà ọyẹ́, tí ètè gbogbo wa ń là yìí, ẹ gbé abọ́ omi sínú yàrá, ẹ ta aṣọ tútù sórí okùn. Orógbó tí àwọn oníjàálá àti onírárà ń jẹ kò burú, ó kéré tán ó ń mú itọ́ wá sẹ́nu. Ohun tó burú ni híha ọ̀fun "hẹ̀m, hẹ̀m" ní gbogbo ìgbà, nítorí pé tán-án-ná la ń gbá mọ́ra. Ẹ gbé itọ́ mì tàbí kí ẹ fi omi díẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Àti pé ẹni tó bá ní iṣẹ́ ohùn lówùúrọ̀, kó má lọ pariwo níbi bọ́ọ̀lù lálẹ́, kó má sì jẹ́ òun ni yóò dá orin ní ìṣọ́ òru. A mọ ẹni tí à ń bá wí.

Ọ̀rọ̀ yàrá ló kàn, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn onímáíkì ti tàsé jù. Máíkì olówó ńlá ń gbọ́ ohun gbogbo. Ó ń gbọ́ fáànù, ó ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ó ń gbọ́ àkùkọ tó wà lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó sì ń gbọ́ ohùn tìrẹ náà lẹ́ẹ̀kejì bó ti ń ta padà lára ògiri. Nínú yàrá ìhòòhò bíi tiwa, bó bá ti dára tó ni yóò ṣe tú wa fó tó. Àwọn kan ti ń kó kéréètì ẹyin jọ láti lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹlẹ́yin. Páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ariwo ìta yóò gba inú rẹ̀ kọjá, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì lè mú nínú ohùn tó ń ta padà. Ohun tó wúwo tó sì rọ̀ là ń fẹ́: búláńkẹ́ẹ̀tì ọyẹ́, mátírẹ́ẹ̀sì tí a gbé dúró ti ògiri, kọ́ńbọ́ọ̀dù tí aṣọ kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ní 2020, nígbà tí wọ́n sé Èkó àti Àbújá mọ́lé láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹta nítorí àrùn Kòrónà, tí ẹnikẹ́ni kò lè dé sítúdíò, abẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́-ohùn káàkiri ayé ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n làágùn níbẹ̀ o. Òógùn la wí.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Ní Gwagwalada, láàárín aago kan òru sí aago mẹ́rin ni ayé ń dákẹ́. Epo jẹnẹrétọ̀ ti tán, ìpè àkọ́kọ́ kò tíì dún, àkùkọ ń sùn. Fóònù tí gbogbo wa ní lọ́wọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ pa á mọ́ ìpè, ẹ gbé e jìnnà sí ẹnu tó ibi tí àtàǹpàkò àti ìka kékeré yín lè nà dé, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí èémí má baà fẹ́ lù ú. Sitọ́kíǹsì àtijọ́ tí a fà sórí wáyà háńgà yóò dènà afẹ́fẹ́ ẹnu bí èyí tí wọ́n ń tà lówó gọbọi. Bí ẹ bá wà lórí kọ̀ǹpútà, Audacity tí àwọn ará yunifásítì Carnegie Mellon bẹ̀rẹ̀, tó jáde ní 2000, ọ̀fẹ́ ni títí dòní, ẹ sì lè fi gé ibi tí ẹ ti ṣì í kà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yàrá yín sílẹ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, kí ẹ sì gbọ́ ọ. Ẹnu á yà yín sí ohun tí ẹ ń pè ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Irinṣẹ́ kan ṣẹ́kù tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ní ìpàdé, òun sì ni ìwé kékeré tí a ń kọ iṣẹ́ sí. Ọjọ́ wo la kà á, ta la kà á fún, èló ni, ibo ni wọ́n ní àwọn yóò ti lò ó, fún ìgbà wo. Ọ̀kan nínú wa ka ìpolówó kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó gba owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tó lọ béèrè, wọ́n ní kó mú ìwé àdéhùn rẹ̀ wá. Kò ní. Òfin Copyright Act ti 2022, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní 2023, mọ ẹ̀tọ́ òṣèré lórí iṣẹ́ tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń mójú tó òfin náà sì wà nínú Àbújá yìí, ṣùgbọ́n òfin kò lè bá ẹni tí kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ rántí ohun tó gbàgbé.

Ó tún ti ju ìyẹn lọ báyìí. Ẹ̀rọ ti dé tó lè gbọ́ ohùn ènìyàn fúngbà díẹ̀, kó sì máa fi ohùn náà sọ ohun tí onítọ̀hún kò sọ rí. Nítorí irú rẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́-ohùn inú eré fídíò ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ ẹgbẹ́ SAG-AFTRA, ṣe daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2024, tí ọ̀rọ̀ kò sì yanjú títí di 2025. Àwa kò ní ẹgbẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀ níbí. Kí ẹni tó bá máa fọwọ́ sí ìwé ka gbogbo rẹ̀ tán, kó sì béèrè ní gbangba bóyá wọ́n fẹ́ fi ohùn òun kọ́ ẹ̀rọ. Kí a má sì gbàgbé pé ẹ̀rọ tí wọ́n bá gbé Yorùbá aláìlámì fún, òun náà kò mọ oògùn yàtọ̀ sí òógùn, àfi kó máa méfò. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì ní ohun tí yóò tà.

Àbá tiwa rèé, kí gbogbo ilé gbé e yẹ̀ wò. Kí ẹgbẹ́ ra ìwé atúmọ̀ èdè méjì, búláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tó nípọn, hẹdifóònù kan tó dára, àti páálí pẹ́ńsùlù kan. A ti bi àwọn ọlọ́jà. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́rin owó máíkì yẹn. Kí a máa pàdé ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn kíláàsì, kí ẹnìkan mú ìwé aláìlámì wá, kí gbogbo wa fi àmì sí i, kí a kà á fún ara wa gbọ́. Bí a bá ti ṣe èyí fún sáà kan, tí àwọn onímáíkì ṣì fẹ́ máíkì, àwa gan-an ni a ó kọ́kọ́ nawọ́ sókè.

Ọ̀kan nínú àwọn tó hó lé wa lórí jù lọ lọ́jọ́ yẹn ti wá sí yàrá wa. Wọ́n pè é fún iṣẹ́ kan ní Wuse, ó sì fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta wò. A fún un ní Abraham wa. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì báyìí. Ọ̀rẹ́ wa, jọ̀wọ́, gbé e bọ̀ kí ọjọ́ ìpàdé tó pé.